Ọmọ tí A Pọ̀n àti Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òwe náà gbayì, a sì máa ń pa á fún ẹni tí ó ń jẹ nínú òógùn ẹlòmíràn láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí èmi àti òwe yìí ti ń bá ara wa fà á. Ó jọ lójú mi pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á kò bi ọmọ tí ó wà ní ẹ̀yìn léèrè, kò sì bi ọmọ tí ó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ tí ó di etí ìró mú.

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn, ọba, ogun, ààlà ilẹ̀ àti owó-orí ni a óò bá níbẹ̀. Nígbà tí odidi ìlú bá kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn, òpìtàn yóò kọ ọ́ pé wọ́n ṣí lọ, ó tán. Ta ni ó gbé ọmọ? Kí ni ọmọ jẹ lójú ọ̀nà? Nígbà tí ara ọmọ gbóná, ta ni ó ní kí gbogbo èrò dúró? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n ń dà mí láàmú, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìdílé tiwa, gẹ́gẹ́ bí n óò ṣe ṣàlàyé.

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Okun, kí ó fojú inú wo ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núé ní Lọ́kọ́ja, kí ó wá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Láti ibẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Èkìtì, àwa ni a wà níbẹ̀: Ọ̀wẹ̀ tí ìlú wọn ń jẹ́ Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n kò sí ọba kan ṣoṣo tí ó jọba lé gbogbo wa lórí rí. Olóògbé Adé Ọbáyẹmí, òpìtàn tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, wà lára àwọn tí ó kọ́ àwọn onímọ̀ láti rí irú ìlú kéékèèké bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò ìjọba tí ó pé fúnra rẹ̀. Orúkọ tí a ń pè wá náà, ìkíni wa ni. Bí a bá pàdé lọ́nà, “Okun o” ni a óò wí. Àwọn kan a máa rò pé omi òkun ni. Omi òkun jìnnà sí wa gan-an.

Ìlú kéékèèké dùn ún gbé nígbà àlàáfíà, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Tápà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Bídà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó di ìyà fún wa. Orí ẹṣin ni àwọn jagunjagun náà ń wà. Orí àpáta ni àwọn ènìyàn wa ń sá lọ, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Àwọn Bùnú ní pàtàkì tẹ ìlú dó sí orí òkè. Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí ó túmọ̀ sí láti gun irú òkè bẹ́ẹ̀ ní òru pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn, òmíràn ní ọwọ́, àti igbá àgbàdo ní orí. Ẹrú ni ìṣákọ́lẹ̀ tí Bídà ń béèrè. Ìtàn tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé nígbà tí kò sí ẹrú láti san mọ́, àwọn ọmọ ilé ni a ń kó jáde. Mo ti rí àgbàlagbà tí ó ń sọ ìtàn yìí tí ó dákẹ́ ní agbede-méjì rẹ̀, tí kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà.

Àkọsílẹ̀ kan wà tí ó sọ bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilẹ̀ wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther ni ó kọ ọ́ ní 1837. Ní 1821 ni wọ́n kó o ní Ọ̀ṣóògùn, nígbà tí ó jẹ́ ọmọdékùnrin. Wọ́n kó ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì pẹ̀lú, okùn sì wà ní ọrùn wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà kò ju ọmọ nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn ni wọ́n pín wọn: Àjàyí àti àbúrò kan lọ sí apá kan, ìyá àti ọmọ ọwọ́ lọ sí apá kejì. Gbogbo ayé ni ó mọ Crowther gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù. Èmi kò lè ka ìtàn náà kí n má dúró lórí ọmọ oṣù mẹ́wàá yẹn, tí ó rin ìrìn kan náà pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù ọ̀la, tí kò sì kọ ìwé kankan sílẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa náà ní ẹni tirẹ̀. James Thomas jẹ́ ọmọ Ìyàgbà tí a kó lẹ́rú, tí ó gba ojú òkun dé Sàró, tí ó sì padà wá ní 1858 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọ CMS sí Gbẹ̀bẹ̀, ní ẹ̀bá ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ó ti sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè máa gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ baba rẹ̀, nígbà tí ogun kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1897 ni àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja lọ sí Kàbà. Ogun Tápà ti kó kúrò kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Bídà fúnra rẹ̀ ti ṣubú. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti yí padà nílẹ̀ wa. Àwọn tí ó wà lórí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn nítorí oko, àwọn mìíràn nítorí pé ìjọba ń fẹ́ wọn ní etí títì, níbi tí wọn yóò ti lè rí wọn kà, tí wọn yóò sì lè gba owó-orí lọ́wọ́ wọn.

Ọkọ̀ ojú irin kò kàn wá. Èyí tí ó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Ọ̀fà àti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà. Èyí tí ó ti Bárò lọ sí Kánò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1911. Kò sí ọ̀kan tí ó gba Kàbà kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn jìnnà, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lò. Nígbà tí ó yá, bọ́lẹ́kájà dé, ọkọ̀ akẹ́rù alápákó tí ènìyàn àti ìṣù ń jókòó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń lọ. Tommy Titcombe ti ìjọ SIM dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé ìwàásù, ilé ìwòsàn tẹ̀ lé ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí pé Ẹkùn Kàbà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, tí olú-ìlú Àríwá sì jẹ́ Kàdúná, ibẹ̀ ni akọ̀wé, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì wa gbà lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Okun tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni ó jẹ́ pé Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò ni a bí wọn sí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe kan ilé wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n kó wa kúrò lábẹ́ Kàdúná, wọ́n fi wá sínú ìpínlẹ̀ tuntun tí a wá mọ̀ sí Kwárà lẹ́yìn náà, olú-ìlú rẹ̀ sì di Ìlọrin. Ní oṣù kẹrin 1968 ni àwọn ìpínlẹ̀ tuntun náà gba iṣẹ́ wọn. Akọ̀wé ni bàbá mi ní Kàdúná. Lẹ́tà kan dé pé kí ó lọ sí Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọwọ́ kan sì wà tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. A kò tíì bí mi. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí n óò sọ yìí, apá kan rẹ̀ sì ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò wọ ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ń lọ láti Kàdúná sí Ìlọrin. Bàbá mi kò fẹ́ kí ẹrù àti ọmọ pínyà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó ti rí ẹrù tí ó dúró ní ilé ìkẹ́rùsí fún oṣù mélòó kan, nítorí náà ó háyà ọkọ̀ akẹ́rù kan. Wọ́n to bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, ìwé àti ìkòkò sí iwájú. Wọ́n tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀yìn, wọ́n fi tàpólì bò ó, ibẹ̀ ni ìyá àti ọmọ wà. Bàbá jókòó ti awakọ̀. Ìyá mi gbé ògì gbígbóná sínú fúláàsì, ó di ẹ̀kọ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé póò kan lọ́wọ́, ó sì mú ìgò àgbo kan dání. Ó máa ń ka àwọn nǹkan wọ̀nyí fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé kí n lè jẹ́rìí pé kò gbàgbé ohun kankan.

Ọ̀nà Tẹ̀gínà àti Kọntagórá ni wọ́n gbà. Àwọn sójà ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ń ní kí wọ́n tú ẹrù. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dúró, ooru abẹ́ tàpólì a máa pọ̀ sí i. Wọ́n sùn ní Kọntagórá. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó dé Jẹ́bà, ìyá mi kíyè sí i pé ọmọ kò fa ọmú mọ́. Lórí afárá Jẹ́bà, níbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin ti ń lo ojú kan, wọ́n ní láti dúró de rélùwéè kí ó kọjá. Ìyá mi sọ pé òun kò mọ iye wákàtí tí ó jẹ́. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìn níbẹ̀, ó rí i pé ara rẹ̀ ń jó bí iná. Nígbà tí wọ́n dé Ìlọrin, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kú.

Bàbá kò tíì rí ilé. Ó kó ìyá mi àti àwọn ọmọ méjì tí ó kù lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kàbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ bá ìyá àgbà, ó ní “ruwa”. Haúsá ni wọ́n ń fọ̀ ní àdúgbò wọn ní Kàdúná, òun àti àwọn ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣeré. Ìyá àgbà mọ̀ dájú pé omi ni ó ń béèrè. Àwọn Haúsá oníṣòwò ti pẹ́ ní Kàbà. Ṣùgbọ́n ó dá igbá omi dúró lọ́wọ́, ó ń wo ọmọ náà lójú, ó ní bí kò bá pè é ní omi, kò ní fún un. Ọmọ náà sunkún títí ó fi pè é. Àwọn ẹbí a máa fi ìtàn yìí pa ẹ̀rín ní ilé wa. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ohun tí ó ń rántí ni pé òun wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí ẹ̀yìn òun ṣófo, tí òun kò sì ní agbára láti dá sí ọ̀rọ̀ omi.

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn èyí tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Àwọn ènìyàn Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti àwọn ìlú mìíràn kó ọmọ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gba Tógò àti Dàhọ̀mì bọ̀. A ti kọ púpọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù àti ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni a bí sí Ghánà; wọ́n ń lọ sí ilé tí wọn kò rí rí, lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wọn.

Kàbà kò kúrò lójú kan láti ìgbà náà. Olú-ìlú rẹ̀ ni ó ń sá kiri: Kàdúná, Ìlọrin, àti nígbà tí ó tún di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, Lọ́kọ́ja. Ní ọjọ́ yẹn ni ìjọba Ibrahim Babangida yọ wá kúrò lára Kwárà, tí wọ́n yọ àwọn Ígálà kúrò lára Bẹ́núé, tí wọ́n sì fi àwa, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣe Ìpínlẹ̀ Kogí. Ayọ̀ pọ̀ ní ọjọ́ náà, n kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ ọmọ Okun ní Ìlọrin, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé ayọ̀ náà ni pé ìgbà wo ni a óò di ẹrù. Ilé kò tó ní Lọ́kọ́ja, ọ́fíìsì kò tó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó dá lọ, tí wọ́n fi aya àti ọmọ sílẹ̀ ní Ìlọrin, tí wọ́n ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ilé mélòó kan tú nídìí èyí, ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ó sunkún nítorí omi, wà lára àwọn tí a ní kí ó lọ. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ ọmọ oṣù méje. Ó ní àwọn yóò jọ lọ ni. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mí nígbà náà, mo sì bá wọn lọ ní oṣù kejìlá kí n lè ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ó kọ̀ jálẹ̀ láti wọ ọkọ̀ tí ó kó ẹrù. Ó ní ẹrù lè dé ìgbà tí ó bá wù ú. Ọkọ rẹ̀ bínú sí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó háyà Peugeot 504 kan fún wa. Ohun kejì ni pé kò pọn ọmọ. Ní gbogbo ọ̀nà náà, orí itan rẹ̀ ni ọmọ wà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọyẹ́, ó sì di ẹsẹ̀ náà mú.

Láti Ìlọrin sí Lọ́kọ́ja kò tó 300 kìlómítà. Ó gbà wá ní odidi ọjọ́ kan nítorí pé ó ń dá ọkọ̀ dúró. A dúró ní Òmù-Àrán. A dúró ní Ẹ̀gbẹ̀, a dúró ní Ìsánlú, a dúró ní Mọ̀pà. Awakọ̀ bi í pé, “Màmá, ṣé gbogbo ìlú ni a óò máa kí ni?” Kò dá a lóhùn. Ní Ẹ̀gbẹ̀, nígbà tí èmi àti òun jókòó sí abẹ́ igi tí àwọn ọmọ ń jẹ àkàrà, mo bi í léèrè ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ìgbà náà ni ó sọ fún mi.

Ó ní ní òru ọjọ́ tí wọ́n sùn ní Kọntagórá, ìyá wa kò sọ ọmọ kalẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n, ó fara ti ẹrù, oorun sì gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ jáde lábẹ́ ọ̀já. Òun tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sí ẹ̀yìn ìyá, ó di ẹsẹ̀ náà mú nítorí pé òkùnkùn ń bà á lẹ́rù. Ẹsẹ̀ náà gbóná. Ó jí ìyá wa, ó ní “zafi”. Ìyá wa gbọ́ Haúsá dáadáa, ó mọ̀ pé ó ń sọ pé ó gbóná; ṣùgbọ́n ooru abẹ́ tàpólì ni ó rò pé ọmọ ń ráhùn lé lórí. Ó fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ó ní kí ó sùn. “Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò sọ ọ́ fún ìyá wa títí ìyá wa fi lọ.

Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ìgbà náà. Nígbà tí mo bá dé orí ẹni tí a gbé pọ̀n, mo máa ń ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ bí ìwé ti wí, nítorí pé ìdánwò ń bọ̀. N kò tíì lè pa òwe náà láàárín ilé wa.

A dé Lọ́kọ́ja ní alẹ́. Yàrá kan ni ìdílé náà gbé fún oṣù mẹ́rin, lábẹ́ òkè Patti, nínú ooru tí ó yàtọ̀ sí ti Ìlọrin. Èyí tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ń béèrè ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ pé ìgbà wo ni a óò padà sí ilé. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, àwọn ọmọ Ígálà, Ẹ̀bìrà, Tápà àti Haúsá ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì, kò sì pẹ́ tí ó fi gbọ́ díẹ̀ nínú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ̀ fún un. Èdè yòówù tí ó bá fi béèrè omi, ó ń bu omi fún un.

Ọ̀nà náà ti yí padà. Ọbàjànà, tí a gbà kọjá ní ọdún yẹn bí abúlé tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti di ìlú sìmẹ́ńtì, kọnkéré sì ni ilé-iṣẹ́ Dangote fi ṣe ojú ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Kàbà, nǹkan bí 43 kìlómítà. Ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí ènìyàn dúró níbi tí ó bá wù ú mọ́. Ọmọ oṣù méje ọjọ́sí ti di ìyá ọmọ méjì, Àbújá ni ó ń gbé. Nígbà tí ó ń kó wọn bọ̀ wá sí Kàbà fún ọdún Kérésì tí ó kọjá, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi di fóònù mú láti àárọ̀. Ó pè wọ́n nígbà tí wọ́n dé Lọ́kọ́ja, ó tún pè wọ́n ní Ọbàjànà. Kò béèrè ibi tí wọ́n dé, kò sì béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ kékeré náà, kí wọ́n sọ bí ó ṣe rí fún òun.